ÌTỌ́JÚ ILÉ: Ẹ YẸ ẸSẸ̀ ÒGIRI WÒ

A ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a óò bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá, ọ̀rọ̀ náà yóò dúró díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ní ọ̀kan nínú àwọn ìletò tí a máa ń bẹ̀ wò, a sì ti bá ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ṣe àdéhùn pé a óò kọ ọ́ síhìn-ín kí òjò tó wọ̀ dáadáa. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní dárúkọ ìletò náà.

Ìyá àgbàlagbà kan ni, opó, tí a máa ń tẹ̀lé Àlùfáà gbé Kòmúníọ̀n Mímọ́ lọ fún ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ni ó kọ́ ilé tí ó ń gbé. Ilé alámọ̀ ni. Àwọn ọmọkùnrin ìdílé ni wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà, tí wọ́n sì mọ ọ́n ní ìpele lórí ìpele, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́lé ní Atakpamé àti agbègbè rẹ̀ kí sìmẹ́ńtì tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà. Ẹsẹ̀ ògiri ilé náà ti ń jẹ wọlé, bí àkàrà tí eku ti jẹ létí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lomé wálé fún ọdún Àjíǹde, ó rí i, ojú tì í. Bí ó ti padà, ó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà nínú àti lóde, kí wọ́n sì kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ ògiri yàrá ìyá ká, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń pè ní plinthe, kí yàrá náà lè dà bí ti àwọn ará ìlú ńlá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn oníṣẹ́ kò dúró, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá, a dé ibẹ̀. Ẹ wo yàrá! Ògiri funfun báláú, pákó ń dán, ìyá ń rẹ́rìn-ín. A jókòó sórí àpótí, a sì fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri tí ó wà lẹ́yìn wa, láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó dún kó-kó-kó, bí igbá òfìfo. Òórùn ilẹ̀ tútù wà nínú yàrá náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọyẹ́ ń fẹ́ lóde tí ètè gbogbo ènìyàn ń là. Ìyá wá fi ẹ̀rín sọ fún wa pé lóru òun máa ń gbọ́ nǹkan tí ń jẹ nǹkan lẹ́yìn pákó, pé òun rò pé èkúté ni.

Ẹ̀yin ará, ọ̀dọ̀ bíríkìlà ni a gbé dàgbà kí a tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́mínárì. Ohun tí etí wa gbọ́ yé wa. Síbẹ̀ a kò sọ̀rọ̀. A sọ nínú ara wa pé owó ọmọ rẹ̀ ni, iṣẹ́ náà ti parí, kí ni a fẹ́ wá ba ayọ̀ ìyá àgbà jẹ́ sí? A gbàdúrà, a sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà tí a kò sì sọ nǹkan kan.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ògiri tí ibùsùn rẹ̀ fara tì wó lulẹ̀. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni. Ìyá wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ó ń yan àgbàdo. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wọlé, wọn kò rí ibùsùn mọ́, amọ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ agogo mẹ́ta òru. Àwa ti ṣírò rẹ̀, oorun kò kùn wá lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, a rí i pé apá kan sìmẹ́ńtì náà ṣì dúró lóòró bí èèpo ẹyin, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Pákó tí ń dán náà ń kọ́? A tẹ̀ ẹ́, ìka wa wọ inú rẹ̀ lọ. Ikán ti jẹ gbogbo igi tán, ó ṣẹ́ ku fáníìṣì nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ògiri alámọ̀ a máa mu omi. Ó ń fà á láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ti ń fa epo, ó sì ń gbà á láti ọwọ́ òjò pẹ̀lú. Èyí kò burú, nítorí bí oòrùn bá ti yọ, tí atẹ́gùn sì fẹ́, ògiri náà yóò dá omi náà padà fún afẹ́fẹ́, yóò sì gbẹ. Bí ẹ bá wá fi sìmẹ́ńtì dì í, ọ̀nà àbájáde ti dí. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Nígbà tí amọ̀ bá wú tàbí tí ó bá súnkì, sìmẹ́ńtì kò lè bá a lọ, yóò là wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí kò gba ẹsẹ̀ alángbá gba omi òjò. Omi á wọlé láti ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ ẹ̀yìn á padà di ẹrẹ̀ bí ó ti rí ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà dúdú tí àwọn mìíràn fi ń kun ìsàlẹ̀ ògiri títí dé orúnkún, iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó wà lóde yóò máa yin ilé náà.

Ní ti ikán, inú ilẹ̀ ni ó ti ń wá, kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi ń fi erùpẹ̀ kọ́ ọ̀nà bo ara rẹ̀ bí ó bá ń gun ògiri. Nígbà tí ògiri wà ní ìhòòhò, ìyá ń rí ọ̀nà ikán, ó ń fi ìgbálẹ̀ há a kúrò. Nígbà tí a wá fi pákó bò ó, a kọ́ ilé fún ikán, a fún un ní oúnjẹ, a tún fún un ní òkùnkùn àti ọ̀rinrin tí ó fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ògiri sílẹ̀ fún àwọn bíríkìlà nìkan. Ẹ ṣí Léfítíkù orí 14, láti ẹsẹ 33. Bí àbàwọ́n bá hàn lára ògiri ilé, ẹni tí ó ni ilé ni yóò lọ sọ fún àlùfáà. Wọn yóò kó ẹrù jáde, àlùfáà yóò wò ó, yóò sì ti ilé náà pa fún ọjọ́ méje. Bí àbàwọ́n náà bá tàn, wọn yóò yọ àwọn òkúta ibẹ̀, wọn yóò há inú ilé náà yíká, wọn yóò sì fi òkúta mìíràn àti amọ̀ mìíràn tún un ṣe. Bí ó bá tún padà wá, wọn yóò wó o. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí a ti ní kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan funfun kùn ún kí àlejò má baà rí i. Ẹ sì kíyè sí ọjọ́ méje náà: wíwò ṣáájú iṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín Lyon àti Grenoble, ilé alámọ̀ tí ó ti gbó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ pọ̀ lọ jàra, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú wọn títí di òní. Ní Grenoble kan náà ni ẹgbẹ́ CRAterre ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ láti 1979. Àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ohun méjì ni ilé alámọ̀ fẹ́: bàtà rere àti fìlà rere. Òrùlé ni fìlà, ẹsẹ̀ ògiri ni bàtà.

Ẹ jẹ́ kí a wo fìlà náà ná. Nígbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, etí òrùlé a máa sọ̀ kalẹ̀, a máa ṣíji bo ògiri. Páànù dé, ó dára, kì í tètè jóná. Ṣùgbọ́n nítorí owó, a gé e kúkúrú. Omi ń já bọ́ sẹ́bàá ògiri, ó sì ń ta padà láti ilẹ̀ dé orúnkún ènìyàn. Ẹ lọ wo ilé yín: ibi tí ògiri ti ń jẹ, ibi tí omi ń ta dé ni. Ní àdúgbò wa, òkè tún wà níbẹ̀. Ìlú orí òkè ni Atakpamé, omi páànù ẹni tí ó wà lókè ń sáré wá bá ẹsẹ̀ ògiri ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, èyí sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń jọ gba Kòmúníọ̀n lórí bẹ́ǹṣì kan náà. A óò padà sí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ilé ìyá yìí, oṣù kọkànlá ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Láti oṣù keje títí di ìgbà náà, ilé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń sùn, a sì ti fi òpó igi gbé òrùlé ró. Àwọn ọkùnrin ìletò àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan ògiri rárá: a gbẹ́ kòtò sí apá òkè ilé náà, ó jìnnà sí ògiri ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, kí omi òkè lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A kó erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti kó jọ sí ẹ̀yìn ilé kúrò, nítorí ilẹ̀ òde ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ. A fi páànù díẹ̀ kún etí òrùlé.

Lẹ́yìn náà ni a ṣí sìmẹ́ńtì kúrò lára àwọn ògiri tí ó ṣẹ́ kù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbá a pẹ̀lú òòlù ńlá yóò wó ògiri rẹ̀ fúnra rẹ̀. A sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ ní ìhòòhò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ kò lè ní sùúrù yìí, ṣùgbọ́n òun ni oògùn náà.

Amọ̀ ògiri tí ó wó, a kò dà á nù. A ṣa èèpo sìmẹ́ńtì kúrò nínú rẹ̀, a fọ́ ọ, a bu omi sí i. Láti mọ̀ bóyá yanrìn inú rẹ̀ tó, a bu díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi, a mì í, a sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ dídán wà lókè, ènìyàn sì lè fi ojú wọn wọ́n. A tún lẹ abala mẹ́ta mọ́ ara ògiri, ọ̀kan láìfi yanrìn kún un, ọ̀kan pẹ̀lú yanrìn díẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ, àkọ́kọ́ là bí ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ̀kẹta ń hó bọ́ sí wa lọ́wọ́, ti àárín dúró. Kò sí ìwé tí ó lè sọ iye yanrìn fún yín, nítorí amọ̀ ibì kan kò dà bí ti ibòmíràn. Ẹ dán an wò lára ògiri tiyín. A gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí ó fi ń rùn. Àwọn akọrin wa ń di imú, ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó bá rùn báyìí a máa fa ara pọ̀, kì í tètè là.

Apá kan amọ̀ náà ni a fi ṣe bíríkì tí a sá sóòrùn, òun ni a fi mọ ògiri tí ó wó. Ní ti ẹsẹ̀ àwọn ògiri yòókù tí ó ti jẹ wọlé, a kò gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n apá kan ni a ń gbẹ́ títí a ó fi kan ibi líle, a ó wọ́n omi sí i, a ó fi bíríkì àti amọ̀ dí i pinpin, kí a tó kọjá sí òmíràn. Ẹ má gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró. Lẹ́yìn èyí ni a rẹ́ ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́, a ń ju amọ̀ lù ú kí ó lè wọ̀ ọ́ lára, ó gbẹ, ó là díẹ̀, a kò bìkítà, ẹ̀ẹ̀kejì fẹ́lẹ́, ó dí ojú àkọ́kọ́. A ta ẹní bò ó nítorí ọyẹ́, kí ó má baà gbẹ ní ìkánjú.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó rántí omi èèpo èso igi néré, èyí tí a ń mú irú lára rẹ̀. Àwọn obìnrin sè é títí ó fi pọ́n dúdú, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri ní ìta, wọ́n ń fi òkúta dídán ra á. Kì í ṣe àlá arúgbó. Àwọn Batammariba ní Koutammakou, ní àríwá Tógò wa níbí, ń lo omi yìí fún ilé wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí UNESCO sì kọ sínú ìwé ohun-ìní gbogbo ayé ní 2004. Òjò kì í tètè fọ ògiri tí a bá fi í pa. Kò sọ pé ògiri kò ní fẹ́ ìtọ́jú mọ́ o. Mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné ní Mali, tí wọ́n kọ́ ní 1907, ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé kí ó sì gbàgbé rẹ̀, kí ó má fi amọ̀ kọ́ ọ.

Bàtà náà: ní ìta, a fi òkúta orí òkè wa to ìpele kékeré yí ẹsẹ̀ ògiri ká, amọ̀ ni a fi dè é, a sì jẹ́ kí orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí omi má baà dúró lé e. Òkúta ni omi ń ta sí nísinsìnyí.

Ó wá ku pákó inú yàrá. A kò lòdì sí pákó ẹsẹ̀ ògiri. Ó ń dáàbò bo amọ̀ lọ́wọ́ ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ àga àti omi tí a fi ń fọ ilẹ̀, ó sì ń mú yàrá lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kí ògiri ti rí ẹ̀rùn kan kọjá kí a tó kàn án. Kí pákó má kan ilẹ̀, kí àlàfo ìka kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí òmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ojú sì lè rí ọ̀nà ikán. Ìṣó tí a gbá lu amọ̀ kì í dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi èèkàn igi líle sínú ògiri, kí ẹ fi amọ̀ dì í yíká, nígbà tí ó bá gbẹ ni kí ẹ fi ìṣó tí a ń yí wọlé de pákó mọ́ ọn. Ìṣó yíyí ṣe é tú, ènìyàn lè ṣí pákó lọ́dọọdún wò ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí pé ògiri àtijọ́ kì í gún, ẹ gbé pákó lé ilẹ̀ kí ó fara ti ògiri, kí ẹ mú igi pẹlẹbẹ kékeré kan pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ fa igi náà lọ lára ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pẹ́ńsù yóò ya gbogbo wíwọ́ ògiri sórí pákó. Ẹ wá fi ìfági fá a dé ojú ìlà náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá ní òun yóò fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ amọ̀ dí àlàfo náà, ẹ wá ẹlòmíràn.

Igi tíkì dára fún iṣẹ́ yìí. Àwọn Jámánì ni wọ́n mú un wọ Tógò kí ogun 1914 tó dé, ó sì ti di tiwa. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tí ó pọ́n ni ikán kì í fẹ́. Apá funfun tí ó wà lẹ́bàá èèpo, ikán ń jẹ ẹ́ bí igi yòókù, òun ni wọ́n sì ń tà ní pọ́ọ́kú. Àwọn kan ń fi epo ọkọ̀ tí a ti lò kun pákó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí ọmọdé tàbí arúgbó ń sùn.

Ọmọ ìyá náà wálé ní ọdún Àjíǹde tó kọjá yìí. Ó wo ògiri náà, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, “Katikíìsì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo fi owó ránṣẹ́ kí ìyá mi lè kúrò nínú amọ̀, ẹ tún dá a padà sínú amọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi?” A kò bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń fi ògiri wọn ọmọ rere. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá, pé a mọ̀ ní oṣù kejìlá, a kò pè é lórí fóònù. Ó dákẹ́ pẹ́. Ìyá ni ó sọ̀rọ̀: “Ẹ má dá ọmọ mi lẹ́bi o, Katikíìsì. Òun kọ́ ló mọ òjò.” Kí ó tó padà sí Lomé, ó ra pákó tíkì mẹ́rin, inú pupa, ó sì gbé wọn lé orí àjà.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni a débẹ̀ kẹ́yìn. Àlùfáà ti parí àdúrà, ìyá sì na ọ̀pá rẹ̀ sí wa, ó ní kí a fi kan ògiri. A kàn án nísàlẹ̀, a kàn án láàárín. Ó dún gbì. Àràárọ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀. A bi í léèrè pé nígbà wo ni kí gbẹ́nàgbẹ́nà wá. Ó ní kí òjò ọdún yìí lọ ná, òun ṣì fẹ́ máa rí ẹsẹ̀ ògiri náà. Pákó náà ṣì wà lórí àjà.